Ọwọ́ Tí Mọ́mì Bá Mi Yá

Àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn abirùn níṣẹ́ ní Mowe. Mo fi èyí ṣáájú kí ẹni tó bá ń kà á lè tètè mọ irú àwọn èèyàn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n ṣí ibi ẹ̀kọ́ fún àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn, àtẹ̀gùn sì ni wọ́n fi ń kí wọn káàbọ̀. Nígbà tí mo bèèrè, wọ́n ní àtẹ̀gùn náà ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí ilé ọ̀hún ti jẹ́ ilé adìyẹ. Mo ní, ṣé àwọn adìyẹ ló ń gun àtẹ̀gùn ni? Bí òjò bá rọ̀, òórùn àwọn adìyẹ náà a tún padà wá, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé.

Kì í ṣe ẹsẹ̀ ni tèmi. Ọwọ́ ọ̀tún ni. Tírélà kan ló kọ lu ọ̀kadà tí mo gùn láti Magboro lọ sí Ìbàfò, àwọn dókítà sì gé ọwọ́ náà lókè ìgúnpá. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa rẹ̀. Ọlọ́kadà tọrọ àforíjì, awakọ̀ tírélà ò dúró, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ti tán lọ́dọ̀ mi. Ọ̀rọ̀ àwọn tó tẹ̀lé wọn ni kò tíì tán.

Kẹ́mísírì ni mo kà ní yunifásítì, òun náà ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé aládàáni kan ní Magboro. Nígbà tí mo fi máa padà síbẹ̀, mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi òsì kọ̀wé. Ìkọ̀wé mi rí wúruwùru, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ń rí i kà. Ọ̀gá ilé ìwé fi mí sílẹ̀ títí táàmù fi parí, lẹ́yìn náà ó pè mí sí ọ́fíìsì. Ó ní àwọn òbí ń ráhùn.

Mo ní, "Ṣé àwọn ọmọ ń féèlì ni, sà?"

Ó ní, "Rárá o. Wọ́n ń páàsì. Ọwọ́ òsì tí ẹ fi ń pín ìwé fún wọn ni. Ìyá kan ní òun ò rán ọmọ òun wá síléèwé kí wọ́n máa fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí i láràárọ̀. Mísì, kí ló dé tí ẹ kì í tọrọ àforíjì? Ẹ ṣáà ní, ẹ má bínú, ọwọ́ òsì ni. Kí ló máa ná yín?"

Mo ní mi ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ó ní òun mọ̀, ìdí nìyẹn tó fi dun òun gan-an. Ó wá sọ fún mi pé kí n má wulẹ̀ wá ní táàmù tó ń bọ̀.

Báyìí ni mo ṣe dé Mowe. Aládùúgbò wa kan tó ń bọ̀ láti ìpàdé àdúrà ní Kámpù ló gbọ́ nínú bọ́ọ̀sì pé àwọn obìnrin kan láti Èkó ti dá ibi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn abirùn tó ti dàgbà, pé iṣẹ́ aṣọ rírán ni wọ́n ń kọ́ wọn, pé àárọ̀ ni wọ́n ń lọ, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń padà sílé, àti pé ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ tán yóò gbé maṣíìnì tó fi kọ́ṣẹ́ lọ sílé. Maṣíìnì yẹn ni mo torí ẹ̀ wá. Mi ò wá fún ìfẹ́, mi ò sì wá fún ìrẹsì tí wọ́n ń bù fún wa lọ́sàn-án. Ohun tí mo rò ni pé bí mo bá gbé e kalẹ̀ níwájú ilé wa ní Magboro, tí mo ń rán yunifọ́ọ̀mù, kò ní sí ọ̀gá kankan tó máa pè mí sí ọ́fíìsì mọ́.

Ẹ wá wo irú maṣíìnì tí wọ́n rà. Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí. Lọ́kàn àwọn obìnrin náà, ẹsẹ̀ nìkan ni nǹkan lè ṣe lára èèyàn. Ọwọ́ ọ̀tún ló máa ń yí irú maṣíìnì bẹ́ẹ̀, ọwọ́ òsì a máa darí aṣọ. Ẹni tó ní òsì nìkan lè yan ọ̀kan nínú méjì: kó yí i kí aṣọ máa lọ síbi tó bá wù ú, tàbí kó di aṣọ mú kí maṣíìnì dúró máa wò ó. Ẹyọ kan ṣoṣo tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wà ní igun yàrá. Wọ́n kó àpò sìmẹ́ǹtì òfìfo lé e lórí. Èmi ni mo kó àwọn àpò náà kúrò, tí mo nu eruku rẹ̀, tí mo sì jókòó tì í. Kò sí ẹlòmíì tó lè lò ó nínú gbogbo wa, èmi náà ò sì lè lo òmíràn.

Mọ́mì ni gbogbo wa ń pe ẹni tó ń kọ́ wa. Obìnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni, ó ti kọ́ àìmọye ọmọ níṣẹ́ ní Akute kó tó fẹ̀yìn tì. Ó mọ iṣẹ́ náà. N kò lè fi ìyẹn dù ú. Nígbà tí sísọ́ọ̀sì kò gbọ́ tèmi, òun ló ṣàlàyé pé èyí tí wọ́n ṣe fún ọ̀tún kì í gé aṣọ lọ́wọ́ òsì, ṣe ló máa ń jẹ ẹ́ lẹ́nu bí ewúrẹ́. Ó ní kí n fi òkúta di etí aṣọ mọ́lẹ̀ kí n sì fi abẹ gé e. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gún abẹ́rẹ́ mọ́ tìmùtìmù kí n tó fi òwú bọ ojú rẹ̀. Kò pẹ́ tí ìlà mi fi ń gún régé. Mo sọ gbogbo èyí kí wọ́n má bàa ní mo ṣe ojúsàájú.

Ọjọ́ kejì tí mo dé ni ọ̀rọ̀ ọwọ́ bẹ̀rẹ̀. Mọ́mì ní kí n gbé sísọ́ọ̀sì fún òun. Mo gbé e, mo nà án sí i. Kò gbà á.

"Gírádúéètì, kí lo fi ń fún mi?"

"Sísọ́ọ̀sì ni, mà."

"Mo rí sísọ́ọ̀sì. Ọwọ́ wo ni?"

"Èyí tó kù ni, mà."

Obìnrin tó jókòó tì mí bú sẹ́rìn-ín débi pé irin ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún kẹrẹkẹrẹ. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ló mú un ní kékeré, irin méjì ló sì fi ń dúró. Mọ́mì ò rẹ́rìn-ín.

"Mo mọ̀ pé èyí tó kù ni, mi ò fọ́jú. Ọwọ́ ni wọ́n gé, wọn ò gé ẹnu. Ẹnu á ní, ẹ má bínú, mà, ọwọ́ òsì ni."

"Mọ́mì, kí ni mo ṣe tí ẹ fi máa bínú?"

"Ta ló ní o ṣe nǹkan kan? Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Mo nawọ́ sí obìnrin onírin ẹsẹ̀. Mo ní, "Àǹtí yìí kì í kúnlẹ̀ kí yín láàárọ̀. Irin ò jẹ́ kó lè kúnlẹ̀. Ẹ ò ní kó tọrọ àforíjì rí."

"Ó ń tẹrí ba."

"Orúnkún tí kò ká rí àyè lọ́dọ̀ yín. Ọwọ́ tí kò sí rárá ńkọ́?"

Obìnrin náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ yọ mí kúrò nínú ẹjọ́ yín. Orúnkún tèmi ò pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́." Ọjọ́ yẹn ló sọ mí ní Lọ́yà, ìyẹn náà ló sì ń pè mí títí a fi parí.

Lọ́sàn-án, Mọ́mì wá bá mi níbi tí mo ti ń jẹun. Ó rọra jókòó.

"Gbọ́, ọmọ mi. Kì í ṣe èmi lo máa rán aṣọ fún. Ìyá kan á wá láti ojúlé kejì. Á ti bá ọkọ rẹ̀ jà láàárọ̀, ọmọ á máa sunkún lẹ́yìn rẹ̀. Ìwọ á wá na aṣọ sí i lọ́wọ́ òsì, o ò sì ní wí nǹkan kan. Ṣé á dúró kí o máa kọ́ ọ ní kẹ́mísírì ni? Á gba ọ̀dọ̀ télọ̀ iwájú lọ ni. Ìgboro ni mò ń kọ́ ẹ fún."

Ọ̀rọ̀ náà ní làákàyè nínú, mo sì kà á mọ́ ẹ̀sùn rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé ìgboro ò dáa, tó sì ń kọ́ mi bí màá ṣe máa bẹ̀ ẹ́, òun àti ìgboro ló jọ ni ọ̀rọ̀ náà. Mo sì fẹ́ kó yé èèyàn dáadáa: èmi kì í ṣe ẹni tí kò mọ àṣà. Ìyá mi kọ́ mi pé a kì í fi ọwọ́ òsì fún àgbà ní nǹkan, mi ò sì ṣe bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí mo ní méjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ ló ń ní kí wọ́n má bínú. Ẹni tó yẹ kó sọ ọ́ fún mi wa tírélà rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn, kò bojú wẹ̀yìn. Wọ́n wá ní kí èmi máa sọ ọ́ láràárọ̀ dípò rẹ̀, fún ẹnikẹ́ni tí mo bá fẹ́ fún ní òwú.

Nígbà tí Mọ́mì rí i pé mi ò ní sọ ọ́, ó gbé àpótí kékeré kan wá. Ó ní ohunkóhun tí mo bá fẹ́ fún ẹnikẹ́ni, kí n gbé e lé àpótí, kí ẹni náà mú un níbẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, kò ní sí ọwọ́ òsì, kò ní sí àforíjì, ilé á tòrò. Inú rẹ̀ dùn sí ọgbọ́n yìí púpọ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé obìnrin onírin ẹsẹ̀ kò lè bẹ̀rẹ̀ débi àpótí. Bí mo bá fẹ́ fún un ní òwú, tí kò sì jìnnà sí mi ju ìdajì apá lọ, màá gbé òwú lé àpótí, ẹlòmíì á dìde láti ìsàlẹ̀ yàrá, á wá mú un, á sì fi ọwọ́ ọ̀tún fún un.

Obìnrin náà á ní, "Ẹ ṣé o. Kọ́ríà ti gbé ẹrù mi dé."

Lọ́jọ́ kan, adìyẹ kan wọlé láti ìta, bóyá ó ń wá àwọn ẹbí rẹ̀, ó fò lé àpótí náà, ó jókòó lé aṣọ tí mo gbé síbẹ̀ fún Mọ́mì. Mọ́mì dúró ń wò ó. Mo ní kí ó mú aṣọ rẹ̀, ibi tó ní kí n gbé e sí ló wà. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé adìyẹ náà jáde.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí a parí, Mọ́mì kó wa jọ. Ó ní Bàbá Àlájì, ẹni tó ni ilé tí a wà nínú rẹ̀, máa wá lọ́jọ́ ìparí. Àwọn baba rẹ̀ ti ni ilẹ̀ ní Mowe kí wọ́n tó la ọ̀nà márosẹ̀, ó sì yá wa ní ilé náà láìgba kọ́bọ̀. Olúkúlùkù wa máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún Bàbá ní aṣọ kan tó rán. Lẹ́yìn náà, Bàbá á fi ọwọ́ kan maṣíìnì onítọ̀hún, á ṣàdúrà sí i, ó di tẹni náà nìyẹn.

"Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń fún àgbà ní nǹkan, kò tíì kọ́ṣẹ́ tán," Mọ́mì wí. "Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ tán kò gba maṣíìnì. Maṣíìnì náà á wà níbẹ̀ de àwọn tó ń bọ̀." Ojú gbogbo èèyàn ló ń wò nígbà tó ń sọ ọ́, àfi tèmi.

Mo nawọ́ sókè. "Àpótí ńkọ́, mà?"

"Àpótí kẹ̀? Kí Àlájì wá máa bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀ bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀fọ́?"

Nígbà tí a ń dúró de bọ́ọ̀sì lẹ́bàá títì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, obìnrin onírin ẹsẹ̀ yíjú sí mi.

"Lọ́yà, sọ ọ́ o jàre. Ẹ má bínú, ó parí. Tí wọ́n bá ní kí n kọrin kí n tó gba tèmi, màá kọ ọ́, màá sì jó sí i, tirin-tirin."

"Tí wọ́n bá ní kí o tọrọ àforíjì nítorí ẹsẹ̀ rẹ ńkọ́?"

Ó ní, "Màá tọrọ ẹ̀. Màá gbé maṣíìnì mi. Tí mo bá délé, màá gba àforíjì mi padà."

Mo ní ìyẹn ò bófin mu. Ó ní òun náà mọ̀, ṣùgbọ́n ta ló máa tẹ̀lé òun délé wá wò ó.

Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí Àlájì dé ni Mọ́mì gbé nǹkan kan wá láti Akute, ó fi ìwé ìròyìn wé e. Ó dúró kí àwọn yòókù jáde lọ jẹun kó tó tú u. Ọwọ́ dọ́mì ni, àwọn dọ́mì tí wọ́n máa ń wọ aṣọ fún níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ kan tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà kan ti ní bùtíìkì, ó bọ́ ọwọ́ náà lára dọ́mì, ó sì yá a. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti òyìnbó tí ara rẹ̀ ò yá. Ìka rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n kun èékánná rẹ̀ ní pupa. Mọ́mì ti rán ìbọ̀wọ́ léèsì funfun fún un, ó ti rán okùn sí i, ó sì ti rán bùbá alápá gígùn fún mi tí apá rẹ̀ máa bo gbogbo rẹ̀.

Ó ní, "Wò ó. Wàá tẹ́ aṣọ Àlájì sórí rẹ̀, wàá fi òsì tì í lábẹ́, wàá kúnlẹ̀. Ọ̀tún ló fún un yẹn. O ò ní tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Ojú rẹ̀ ń dán. Ó ti wọ bọ́ọ̀sì méjì nítorí ọwọ́ yẹn. Ó so ó mọ́ mi ní èjìká, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè, ó sún sẹ́yìn, ó ń wò mí bí ẹni tó ń wo aṣọ ìyàwó.

Mo wo ọwọ́ náà. Bí ẹ bá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún yín sókè síwájú, àtàǹpàkò yín á kọjú síta. Àtàǹpàkò ti ọwọ́ yìí kọjú sí ikùn mi.

Mi ò sọ nǹkan kan. Ohun kan ṣoṣo tí mo ti ń bèèrè láti ọjọ́ kejì ni pé kí wọ́n má ní kí n tọrọ àforíjì, ọwọ́ yìí kò sì ní kí n tọrọ rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, wọn ò fi mí sípò ẹni tó ń yẹ ọwọ́ wò.

Lọ́jọ́ ìparí, wọ́n to àga oníke sí ilé, wọ́n so rìbọ́ọ̀nù aláràbarà mọ́ ara maṣíìnì kọ̀ọ̀kan. Tèmi wà ní igun rẹ̀, wọ́n ti fi epo nù ún, ó ń dán. Bàbá Àlájì dé, àwọn méjì dì í mú lápá ọ̀tún àti òsì láti gun àtẹ̀gùn. Nígbà tó dé òkè, ó dúró mí.

Ó ní, "Ta ló kọ́ irú èyí?"

Ọ̀kan nínú àwọn tó dì í mú ní, "Ẹ̀yin ni, sà."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè wá. Obìnrin onírin ẹsẹ̀ fún un ní ṣòkòtò, ó tẹrí ba, ó gba maṣíìnì rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ tó pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín. Ó wá kàn mí. Bùbá funfun ni mo rán fún Bàbá, mo ti lọ̀ ọ́, mo ti ká a. Mo tẹ́ ẹ sórí ọwọ́ Akute, mo fi òsì tì í lábẹ́, mo rìn lọ síwájú, mo kúnlẹ̀. Mọ́mì dúró lápá kan, ó ń mi orí sí mi pé ó dáa bẹ́ẹ̀.

Bàbá na ọwọ́ láti gbà á. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú, ó ń yẹ ọwọ́ náà wò bí ẹni tó ń yẹ àgbò wò nígbà Iléyá.

"Ọmọ mi."

"Sà."

"Ṣé ọwọ́ òsì méjì lo ní ni?"

Irin ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ dún, kẹrẹkẹrẹ. Gbogbo ilé wá bú sẹ́rìn-ín tẹ̀lé e. Mo yíjú wo Mọ́mì. Ó ti na ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ síwájú, ó tẹ́ ẹ, ó ń wo àtàǹpàkò rẹ̀, lẹ́yìn náà ó wo tèmi. Obìnrin tó ti ń rán apá ọ̀tún àti apá òsì láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi.

Mo ní, "Ọ̀kan ni mo ní, sà. Èkejì ti bùtíìkì ni."

"Èwo ló rán aṣọ yìí?"

"Èyí tó wà lábẹ́, sà."

Mo gbé bùbá náà lé orúnkún mi, mo fa okùn ọwọ́ dọ́mì ní èjìká. Ó jábọ́ sórí sìmẹ́ǹtì, ó dún bí ike òfìfo, ìka kan sì kán lára rẹ̀. Mo wá gbé bùbá, mo fi òsì nà án sí Bàbá. Mi ò wí nǹkan kan.

Kò gbà á.

Kì í ṣe èèyàn burúkú. Kò ju ọwọ́ sẹ́yìn, kò sì fajú ro. Ó kàn ń dúró de ọ̀rọ̀ kan, bí àgbà ṣe máa ń dúró kí ọmọdé kí òun kó tó dáhùn. Gbogbo ilé náà ń dúró dè é. Mo wo maṣíìnì ní igun. Mo mọ̀ pé wọ́n á tún kó àpò sìmẹ́ǹtì lé e lórí kó tó di ọjọ́ Ajé. Mo mọ iye tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́, kò ju èémí kan lọ. Mo sì di ẹnu mi.

Mo gbọ́ tí nǹkan balẹ̀ gbì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mọ́mì ni. Ó ti kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì pẹ̀lú léèsì tó wọ̀, orúnkún méjèèjì.

Ó ní, "Ẹ má bínú, Àlájì. Ọwọ́ òsì lọmọ mi fi fún yín."

Ojú ẹsẹ̀ ni Bàbá gba bùbá náà. Ó ní, "Kò sí ìbínú ńbẹ̀. Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀." Wọ́n mú un dé ibi maṣíìnì mi, ó gbé ọwọ́ lé e, ó ṣàdúrà. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, nítorí pé Mọ́mì di èjìká mi mú láti fi dìde, kò sì tètè lè dìde.

Mo bá a ní ìta nígbà tí wọ́n ń di maṣíìnì mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó jókòó sórí àga, ó ká aṣọ sókè, ó ń fi róòbù pa orúnkún.

Mo ní, "Mọ́mì, mi ò rán yín níṣẹ́."

"Mo mọ̀."

"Mi ò ṣe nǹkan kan tó yẹ kí ẹnikẹ́ni tọrọ àforíjì lé lórí. Ẹ ti sọ ọ́ di pé mo ṣe é. Níwájú gbogbo èèyàn."

"Orúnkún ta ló kanlẹ̀?"

"Tiyín ni, mà."

"Ẹnu ta ló sọ ọ́?"

"Tiyín ni."

"Kí ló wá kàn ẹ́ níbẹ̀? Ṣé o gba maṣíìnì?"

"Mo gbà á, mà."

"Ṣé o fẹ́ dá a padà?"

Mo wo ọkọ̀. Wọ́n ti fi okùn yí maṣíìnì ká, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sókè bí ti ewúrẹ́ tí wọ́n dè.

"Rárá, mà."

"Lọ sílé. Fi epo sí i kí o tó lò ó. Kì í ṣe epo pupa o, Gírádúéètì."

Mo gbé maṣíìnì náà kalẹ̀ níwájú ilé wa ní Magboro. Ìyá kan ló kọ́kọ́ wá, ó fẹ́ yunifọ́ọ̀mù fún ọmọ rẹ̀. Nígbà tí mo rán an tán, mo fi òsì nà án sí i, mi ò wí nǹkan kan. Ó gbà á, ó yẹ ojú rírán rẹ̀ wò, ó ní kọ́là rẹ̀ dáa. Ẹnì kejì dúró, ó ń wò mí, ó ń dúró, títí ó fi gba aṣọ náà lọ́wọ́ mi bí ẹni tó ń gba nǹkan lẹ́nu ajá. Kò padà wá mọ́, ọ̀dọ̀ télọ̀ iwájú ló ń lọ báyìí. Bí Mọ́mì ṣe wí gẹ́lẹ́ ni, ìyẹn náà wà lára ohun tí mo ní sí i nínú, pé ó mọ̀ ṣáájú.

Gbogbo ẹ̀sùn tí mo ní sí i ni mo lè tò, láti orí sísọ́ọ̀sì dé orí àpótí, dé orí ọwọ́ Akute. Ti ìkúnlẹ̀ yẹn nìkan ni mi ò tíì mọ ibi tí màá kọ ọ́ sí. Nígbà míì tí mo bá ń tẹ maṣíìnì lọ́sàn-án, mo máa ń rò ó, màá ní ó gba ẹ̀tọ́ mi lọ́wọ́ mi. Màá tún ní, ta ló tún kúnlẹ̀ fún mi rí? Ẹsẹ̀ mi á sì máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Oníbàárà tó fẹ́ràn kọ́là mi ti mú àbúrò rẹ̀ wá, àwọn méjèèjì sì fẹ́ gba aṣọ wọn lọ́jọ́ Ẹtì.